Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ọkọ Mi Nínú Ọ̀pá Gíláàsì

Ìyá ọkọ mi kọ́ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún wọn pé nínú àyẹ̀wò tí dókítà ní kí n ṣe fún wọn, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá kéré ló yege, wọ́n wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó ní ewúrẹ́ ló jẹ ìwé òun.

"Irú ìdánwò wo nìyẹn, ìyàwó? Ẹni tó gba odo ló gba ipò kìíní?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọ́n na apá sí mi, mo sì kúnlẹ̀ kí n tó so rọ́bà mọ́ ọn, torí pé ìyàwó kì í nàró lé ìyá ọkọ rẹ̀ lórí kó máa fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn, ì báà wọ aṣọ funfun oníṣẹ́ ìwòsàn mẹ́wàá. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ìkúnlẹ̀ yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí a fi ṣíwọ́.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Adó-Èkìtì, ọkọ ló so mí mọ́bẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń jẹun láti ìgbà náà, ẹnu mi sì mú níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí ojú oòrùn níṣojú mi, á gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ kò sọ fún un rí. Mo mọ̀ pé wọ́n ń pè mí ní oníwàhálà bí mo bá ti kọ ẹ̀yìn, kò sì dùn mí.

Àyẹ̀wò tí mò ń wí yìí, lẹ́tà mẹ́ta ni dókítà máa ń fi kọ ọ́, ESR, kò sì le láti ṣe. A ó po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kó dì, a ó fà á sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fín ìlà sí lára bíi rúlà, a ó gbé ọ̀pá náà nàró sínú férémù rẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ á máa rọ̀ lọ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè á sì kù sókè. Bí wákàtí bá pé, a ó ka iye mìlímítà tí pupa náà fi sọ̀ kalẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń rọra lọ ni. Ṣùgbọ́n bí ara bá ń bá nǹkan jà, àwọn hóró náà a máa lẹ̀ mọ́ra wọn bí abọ́ tí a tò léra, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì já wálẹ̀ kíákíá.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni bí àwọn èèyàn ṣe ń gba nọ́ńbà náà bí ẹni gba ìdájọ́. Kì í dárúkọ àìsàn kankan. Èéfín ló rí. Kò mọ ilé tó ń jó. Ti àgbàlagbà obìnrin sábà máa ń ga ju ti ọ̀dọ́mọkùnrin lọ láìsí àìsàn kankan. Ti aboyún máa ń ga. Ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó máa ń ga. Bí ọ̀pá bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń gbọn tábìlì, ìyẹn náà lè ba iṣẹ́ jẹ́. Nítorí èyí ni mo ṣe gbé férémù tèmi sí igun tí ẹnikẹ́ni kò lè fara tì. Ọ̀gbẹ́ni kan tó gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà kan kò tún dán an wò mọ́.

Ẹ̀yìn ló ń dun Ìyá. Ìyìn-Èkìtì ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó sì padà sílé wá máa tọ́jú ìyá rẹ̀. Ìrora náà ti pẹ́. Ìyá ní àgbà ló dé. Àǹtí ní oko ẹ̀gẹ́ tí wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀ ló fà á. Ọkọ mi ń ra òróró ìfipara lóríṣiríṣi. Kò sí ẹni tó bẹ̀rù títí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣò lọ́rùn Ìyá, tí egungun èjìká wọn sì yọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ara wọn á gbóná, òógùn á bò wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún iyán fún àlejò. Ìgbà náà ni ọkọ mi lọ gbé wọn wá sí Adó.

Nọ́ńbà wọn kọjá ọgọ́rùn-ún. Mo gbé ọ̀pá mìíràn kalẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ kan náà, mo fi ojú ara mi wo ìdúró rẹ̀, ó tún kọjá. Ẹ̀jẹ̀ Ìyá kò tó, mo mọ̀ pé ìyẹn á ti fi kún un; mo yọ ọ́ kúrò lọ́kàn mi, mo tún yọ ti ọjọ́ orí wọn. Èyí tó kù ṣì pọ̀ jù. Iná kan wà tó ń jó nínú ara wọn, kò sì sí èyí tí mo lè ṣe sí i ju kí n kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ lọ.

Mo rò pé mo ti tún ojú mi ṣe kí n tó jáde lọ bá wọn lórí bẹ́ǹṣì.

"Mo fìdí rẹmi," ni Ìyá wí.

"Rárá o, mà. Ó kàn ga díẹ̀ ni."

"Olùkọ́ ni mí, ìyàwó. Mo mọ ojú ẹni tó gbé èsì burúkú dání. Wo bí ojú rẹ ṣe rẹ̀wẹ̀sì nítorí mi."

Dókítà tó rí wọn kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì ní sùúrù. Ó ní nọ́ńbà tó ga tó báyìí pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dunni kì í ṣe ohun tí a ń fi òróró pa, ó ní kí a lọ ya àwòrán eegun ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán náà kò ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn, wọ́n ní kí a máa retí. Ìyá ní àwọn kò ní jókòó sílé ọmọ máa retí ẹ̀rọ bí ẹni ń retí ọkọ̀ ìlú òkèèrè. Wọ́n padà sí Ìyìn.

Bí a ṣe ń retí, Àǹtí pe ọkọ mi lórí fóònù pé kó wá wo iṣẹ́ Olúwa. A lọ. Ìyá fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn fún wa, wọ́n sì ti gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ìyá tí à ń gbé dìde lórí ẹní ló bọ́ sí ìdí ààrò tó ń ro ọbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún, ó ń dán. Obìnrin ilé kejì yọjú láti kí wa, ó ní, "Ẹ wo bí ara Màmá ṣe yọ̀." Ní ilẹ̀ wa, ta ni yóò rí àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ tó wá sanra padà, tí kò ní dúpẹ́? Ọkọ mi fa ìyá rẹ̀ mọ́ra níwájú gbogbo wa, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ.

Ìyá fúnra wọn ló ní kí n tún ẹ̀jẹ̀ àwọn wò. Wọ́n wá sí Adó, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó síwájú mi bí ọmọ tó ti kàwé délẹ̀. Mo gbé ọ̀pá náà sínú férémù, mo sì ń lọ mo ń bọ̀ nídìí rẹ̀. Nígbà tí wákàtí pé, pupa náà kò tíì kúrò lókè ju ìwọ̀nba lọ. Ogún lé díẹ̀ ni. Fún obìnrin tó jẹ́ ọjọ́ orí wọn, kò sí ẹni tí yóò rí i tí yóò gbé ojú sókè.

Mo yọ̀. N kò ní purọ́, mo kọ́kọ́ yọ̀. Dókítà náà wo nọ́ńbà, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá, ó ní ó jọ pé ohun tó ń bá ara jà ti kọjá lọ, kí a máa ṣọ́ ọ, àwòrán lè dúró díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àǹtí ti sọ fún ìjọ. Ìyá yóò jẹ́rìí ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, ìdílé yóò jó tẹ̀ lé wọn dé ibi pẹpẹ.

Ohun kan ni kò jẹ́ kí n sùn sínú ayọ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ní ọjọ́sí, kò tíì tó síbẹ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan náà, kò kúrò níbi tó wà. Mo tún rántí apá tí mo so rọ́bà mọ́: ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹran níbẹ̀. Ojú sanra, apá gbẹ. Ara tó yá ní tòótọ́ kì í yan ibi tí yóò sanra sí.

Mo kọ́kọ́ fura sí ọwọ́ ara mi. Ohun tó ń mú nọ́ńbà yẹn lọ sókè lórí irọ́ pọ̀, àmọ́ àwọn tó ń fà á wálẹ̀ lórí irọ́ kò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dì lábẹ́lẹ̀ lè ṣe é, èyí kò dì. Ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ kí a tó wò ó lè ṣe é, èyí ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo gbé e kalẹ̀. Òtútù lè ṣe é, oòrùn ọjọ́ náà mú gan-an. Hóró ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kì í lè tò léra wọn dáadáa, Ìyá kò sì ní in. Èyí tó kù ni oògùn. Ọ̀kan wà tí dókítà máa ń fún ẹni tí ikọ́ sèémísèémí ń yọ lẹ́nu tàbí ẹni tí oríkèé rẹ̀ wú, oògùn gidi ni lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Òun náà ni àwọn tó ń po oògùn tà lójú ọ̀nà máa ń jù sínú ohun gbogbo. Ó máa ń mú ojú wú kó sì máa dán. Ó máa ń lé ìrora lọ. Ó sì máa ń mú nọ́ńbà yẹn wálẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nígbà tí a ń jẹun. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Nígbà tó ga, o banú jẹ́. Ó ti wálẹ̀, o tún banú jẹ́. Nínú gbogbo ilé yìí, ìwọ nìkan ni inú rẹ kò dùn pé ìyá mi dìde."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá ti ṣe ìyàwó rí mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó sọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ̀. Mo kó àwo lọ fọ̀.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìyìn. Àǹtí ti lọ sí ọjà. Ìyá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Wọ́n dìde láti kí mi káàbọ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Bí wọ́n ṣe gbé ẹsẹ̀, bàtà òsì yọ kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì ń bọ̀ láìmọ̀ pé ó ti yọ. Mo wo bàtà náà nílẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wọ́.

"Láti ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yín ti ń ṣe báyìí, mà?"

"Ó kàn máa ń wúwo ni. Ubi tí mo jókòó sí ló fà á."

Mo lọ mú bàtà, mo kúnlẹ̀, mo fi wọ̀ wọ́n. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti béèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Wọ́n dárúkọ àwọn tí dókítà kọ fún wọn, wọn kò fo ọ̀kan.

"Èyí tí dókítà kò kọ ńkọ́, mà?"

Ìyá tú etí ìró wọn. Ọ̀rá kékeré kan ló wà níbẹ̀, wọ́n di hóró oògùn sínú rẹ̀, funfun, pupa, aláwọ̀ ewé, láìsí orúkọ lára ìkankan. Àpòpọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń kiri káàkiri ọjà pé ó ń wo ẹ̀yìn, orúnkún àti àárẹ̀ ara.

"Àǹtí rẹ ló rà á wá," ni wọ́n wí. "Kò tàn mí jẹ, ìyàwó. Ara mi ni kò lè gbà á mọ́ pé kí n máa ké nínú ulé. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo tẹ̀ ba, mo mú ìgbálẹ̀."

"Ẹ ò sọ fún mi, mà."

"Mo fẹ́ sọ. Ojú rẹ ni mo rántí, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí èsì àkọ́kọ́ jáde. Ọmọ tó kúnlẹ̀ fún mi lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní mi ò ní jẹ́ kó gbé irú èsì yẹn dání fún mi mọ́ láé. Nígbà tí mo fẹ́ wá bá ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo lò ó ní ìlọ́po méjì. Mo fẹ́ kí uṣẹ́ rẹ dùn mọ́ ọ."

Gbogbo ayé ìyá yìí ni wọ́n fi lé àwọn ọmọ tó ń jíwèé wò kúrò nínú yàrá ìdánwò, wọ́n wá dàgbà tán, wọ́n jíwèé wò fún mi. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Wọ́n rò pé inú ló bí mi sí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ìyẹn tún wá burú ju ẹkún náà lọ.

Inú bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí wọn. Inú bí mi sí ẹni tó pò ó, tó mọ̀ dájú pé aláìsàn yóò yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí yóò sì máa yìn ín. Oògùn yẹn kò pa àìsàn kankan nínú Ìyá. Ó kàn pa ajá tó ń gbó lẹ́nu mọ́, olè ṣì wà nínú ilé, ó ń kó ẹrù. Nígbà tí gbogbo wa ń yọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn wọn ti débi ẹsẹ̀.

Àǹtí ti ọjà dé, wọ́n bá ọ̀rá oògùn náà lórí atẹ ẹ̀wà. Mo ṣàlàyé bí mo ti lè ṣe é tó. Ojú wọn le.

"Ìyá tó dìde ni o fẹ́ kó padà sórí ẹní, ìyàwó? Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké kí n tó ra nǹkan yìí? Adó lo wà. Èmi ni mo wà ní ulé."

Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ló ń gbọ́ ọ. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn ní kí wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà." Ìyá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àǹtí wo bí ẹsẹ̀ òsì ṣe ń gbá ilẹ̀, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Láti ìta ni mo ti gbọ́ ẹkún wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ra ohun náà, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí wọn ju bí wọ́n ṣe wí ara wọn lọ.

Ọkọ mi dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi níwájú wọn, lọ́rọ̀ kúkúrú, bó ṣe máa ń ṣe nǹkan. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dá. Ìyá ló dá a.

"Ẹ bá mi sọ fún pásítọ̀ pé kí wọ́n yọ mí kúrò nínú ìjẹ́rìí. Ara mi kò tíì sọ ohun tí ẹnu mi fẹ́ sọ."

Nígbà tí mo fi ọ̀rá náà han dókítà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ní a kò gbọdọ̀ já a gbà lójijì, torí pé ara tí irú oògùn yẹn bá ti mọ́ lára máa ń gbàgbé bó ṣe ń dá ṣe tirẹ̀. Ó kọ oògùn tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí a ó máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ìyá wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Adó. Bí oògùn ṣe ń dín kù ni ìrora ń padà. Àárọ̀ ló máa ń le jù. Èmi ni mo ń bá wọn dìde, mo máa ń kọ́kọ́ fi òróró ra ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á sì máa fi orin ṣọ́ọ̀ṣì bo igbe mọ́lẹ̀.

Mo ń wo ẹ̀jẹ̀ wọn nínú ọ̀pá yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń ga sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Kò sí iṣẹ́ tó burú tó èyí tí mo ṣe lásìkò yẹn. Mo dúró níwájú gíláàsì, mò ń gbàdúrà pé kí ẹ̀jẹ̀ ìyá ọkọ mi já wálẹ̀ kíákíá, kó lè sọ òtítọ́, kí dókítà má bàa sọ mọ́ pé àwòrán lè dúró. Bó bá wá já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo máa ń jáde lọ bu omi sójú kí n tó kọ ohun tí mo kà.

Wọ́n ya àwòrán náà nígbẹ̀yìn. Àìsàn ti jẹ eegun méjì lẹ́yìn wọn, ọ̀kan ti wó lé èkejì, ó sì tẹ okùn iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni.

"Ṣùgbọ́n mi ò wúkọ́ rí," ni Ìyá wí, bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn.

Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé kòkòrò ikọ́ náà lè fi àyà sílẹ̀ kó lọ jókòó sínú eegun. Ó ní ó ní oògùn, ó gba sùúrù, a ó sì rí i gbà láìsan ohunkóhun. Ní ti ẹsẹ̀, àwọn oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n rán wa sí kò fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ara tó ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ lè padà, ó sì lè má padà, kí a lo oògùn ná. Mo bi dókítà wa pé bí a bá ti mọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ wá ńkọ́. Ó wo tábìlì rẹ̀.

Ìyá lo oògùn náà bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Ìtọ̀ wọn pọ́n bí omi ọsàn, ẹ̀rù bà wọ́n, mo ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún fún irọ́ kọ́kọ́ joro, ojú wọn gbẹ tó fi jẹ́ pé àwọn ará ìjọ tó wá kí wọn kò mọ ibi tí wọn yóò wò. Lẹ́yìn náà ni ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í padà, apá ni ó sì kọ́kọ́ dé. Mo ń rí i bí mo bá ń so rọ́bà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń pọ̀ sí i. Nọ́ńbà inú ọ̀pá ń sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀, kò kánjú.

Ó wá di ọjọ́ kan tí mo kà á tó kéré, tí kò sì sí ohun tí mo lè fi ṣe àríwísí sí i. Mo wá irọ́ nínú rẹ̀ títí, n kò rí. Mo gun ọ̀kadà lọ sílé, ohun tí n kì í ṣe, torí mi ò lè dúró de bọ́ọ̀sì. Ìyá wà lórí àga lójú fáráńdà, aṣọ bo itan wọn, ẹsẹ̀ wọn wà lórí tìmùtìmù. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró níbẹ̀, ìyàwó. Má sọ nǹkan kan. Má jẹ́ kí n rí ojú rẹ ná."

Wọ́n kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí aṣọ ọmọ mi ń gbẹ lórí okùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwò mí.

"Ẹ̀yìn kò dùn mí mọ́, àfi bí mo bá pẹ́ lórí ìjókòó. Ara kò gbóná mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ebi ń pa mí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo lè gbé e, mo tilẹ̀ lè fi tì ọ́. Òsì ti lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé kò ní padà. Mi ò sọ fún ọ nítorí bó o ṣe ń fi òróró ra á láràárọ̀, tó o sì ń béèrè bóyá ó dùn mọ́ mi, tí mo ń sọ pé ó dùn. Kò dùn, ìyàwó. Mi ò mọ̀ ọ́n lára. Èyí ni mo ní kí n fi ẹnu ara mi sọ, kí ẹ̀jẹ̀ tó bá mi sọ ọ́."

Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n sọ tèmi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá tìmùtìmù náà. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti dá, pé àìsàn náà ti ń kú tán. Wọ́n ní kí a fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, wọ́n béèrè bóyá Àǹtí ti gbọ́, wọ́n ní kí n pè wọ́n lórí fóònù kí ó tó di pé wọ́n jáde lọ sí ìpàdé. Ọwọ́ mi ti wà lábẹ́ aṣọ láti ìgbà tí mo ti jókòó, mo di ẹsẹ̀ òsì náà mú ṣinṣin, mo sì ń tẹ̀ ẹ́. Ìyá ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, wọn kò mọ̀ pé ẹnì kankan dì í mú.